Pẹ̀lẹ́ Tí Mo Kí Alájá

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tó nílé, débi pé nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ní ṣé èyí náà nìyí. Ajá ló yà mí lẹ́nu. Ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń fọ abọ́, lórí òkè kan ní apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ajá kan wà tó ń jẹ́ Sófì. Sófì ní dókítà tirẹ̀. Ó ní kóòtù tó ń wọ̀ rìn, ó tún ní èyí tó ń wọ̀ bí àlejò bá wà. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Èmi ń sùn ní yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, bí wọ́n bá sì ti tan ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀dì mi á máa gbọ̀n bíi pé mo wà nínú bọ́ọ̀sì Òjòó.

N kò rojọ́ o. Yàrá yẹn ń bá iṣẹ́ rìn ni, wọ́n sì ti là á yé mi lọ́jọ́ tí mo dé pé bí iṣẹ́ bá bọ́, yàrá bọ́ nìyẹn. Níbi tí yìnyín ti ń dí ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn nínú ilé, a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Hẹ́lẹ́ẹ̀nì lorúkọ obìnrin tó ni hòtẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí wọn, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, wọ́n sì wo ilẹ̀ bóyá nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo pè wọ́n ní Mà, wọ́n ní kí n má pe àwọn bẹ́ẹ̀ mọ́, orúkọ ni kí n pè. Orúkọ! Ẹnu mi kọ̀. Bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ṣe ni mo máa ń lọ dúró síwájú wọn títí wọ́n á fi rí mi. Nínú ìtàn yìí náà, 'wọ́n' ni n ó máa pè wọ́n, títí a ó fi dé ibi tí n kò ti ní lè ṣe é mọ́.

Ilé wa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, wà ní Agbowó n'Íbàdàn, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ yunifásítì. Ará Ṣakí ni bàbá mi, wọ́n ti kú. Ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà pẹ̀lú àbúrò mi Délé. Èmi fúnra mi ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Bódìjà rí, mo ń wọ bàtà gogoro, wọ́n ń gbé tíì wá fún mi lórí àwo. Ẹni tó bá ti jẹ irú ayé bẹ́ẹ̀ rí, tó wá ń ha ẹran tó jóná mọ́ páànù, á mọ ìdí tí n kò fi ń fi fídíò pe ilé.

Ohun tó tún le ni pé kò sí ẹni tó ń kí ni. Láàárọ̀, n ó kí gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án, n ó tún kí wọn, torí ọ̀sán kì í ṣe àárọ̀. Ní ọjọ́ kan, Bráyánì, ọmọ ẹ̀gbọ́n Hẹ́lẹ́ẹ̀nì tó ń jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò, bi mí pé kí ni mo fẹ́ gan-an. Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan. Ó ní, 'O ti kí mi lẹ́ẹ̀kan lónìí.' Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí ajá. Sófì kì í kọ ìkíni. Bí mo bá ní 'Sófì, o kú ọ̀sán,' á ju ìrù, á sì tẹ̀ lé mi lọ sídìí abọ́ lọ gba egungun.

Síbẹ̀, nǹkan ń ṣẹnuure bọ̀. Bráyánì fẹ́ kó lọ sí ìlú ńlá nígbà tí òtútù bá lọ, Hẹ́lẹ́ẹ̀nì sì ti sọ fún mi pé èmi ni n ó gba tábìlì rẹ̀. Ẹni tó bá wà nídìí tábìlì yẹn, òkè ló ń sùn, ní yàrá tó ní fèrèsé. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé fèrèsé lèèyàn ń dù. Ẹ wá sun abẹ́ àtẹ̀gùn ná.

Nígbà tí àlejò dín kù, Hẹ́lẹ́ẹ̀nì wá bá mi nídìí abọ́. Wọ́n ní lọ́dọọdún, àwọn àti ará ilé àwọn máa ń gun òkè tó wà lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì nínú yìnyín, pẹ̀lú Sófì, àwọn á jẹun lókè, àwọn á sì sọ̀ kalẹ̀. 'Lọ́dún yìí, ìwọ náà ń bọ̀,' wọ́n ní. 'Ìwọ náà ti di ará ilé.'

Mo fọ abọ́ ọjọ́ yẹn bíi pé tèmi ni gbogbo wọn. Mo pe ìyá mi.

'Màámi, wọ́n ní kí n bá àwọn gun orí òkè.'

'Ẹ ṣeun, Olúwa. Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ fi gba ààwẹ̀?'

'Kì í ṣe òkè àdúrà, Màámi. Ìrìn ni a fẹ́ rìn.'

'Ìrìn lọ síbo?'

'A ó kàn gùn ún, a ó sì sọ̀ kalẹ̀.'

'Nínú òtútù tí ò ń wí yìí?'

'Bẹ́ẹ̀ ni, mà.'

'Ta lẹ ṣẹ̀?'

Délé ti gba fóònù. 'Sister mi, ajá yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà á wọ bàtà ni?'

Mo ní á wọ̀ ọ́. Ẹ̀rín tí Délé rín ló já fóònù.

Bàtà tí wọ́n fi ń ṣe irú ìrìn yẹn, orí bàtà ni wọ́n ń so ó mọ́. Ó fẹ̀ bí asẹ́ gàrí, kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú yìnyín. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní láti máa ya ẹsẹ̀ rìn bí ọmọ tó ti ṣu sára. Mo ṣubú kí a tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo dìde, mo tún ṣubú. Bráyánì ń fi fóònù ya mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Hẹ́lẹ́ẹ̀nì ń fi kóòtù wọ Sófì. Kò sí ẹni tó fọhùn sí mi. Mo gbọn yìnyín kúrò nídìí mi, a sì lọ.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. N kò ní purọ́ fún yín, ibẹ̀ dára. Gbogbo nǹkan funfun, ó sì dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ èémí ara mi. Sófì á sáré lọ, á sáré bọ̀, á wá fi orí gbá mi lórúnkún. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí òrùlé hòtẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀, ó ti kéré, inú mi sì dùn pé èmi, ọmọ Agbowó, ni mo fi ẹsẹ̀ mi gùn ún dé ibẹ̀. Mo ti ń ro ohun tí n ó sọ fún àwọn àlejò nígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sídìí tábìlì.

Nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé òkè, Hẹ́lẹ́ẹ̀nì dúró, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí etí òkè náà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀, pé yìnyín tó yọrí síta yẹn kò ní ilẹ̀ lábẹ́, atẹ́gùn ló kó o jọ síbẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ Sófì lọ́rùn, wọ́n fa okùn náà lé Bráyánì lọ́wọ́, wọ́n sì lọ ń tú ẹrù oúnjẹ.

Èmi ni mo sún mọ́ Bráyánì jù. Mo rí i kedere. Ó fẹ́ ya fídíò òkè, ó wá fi okùn há abíyá kó lè ráyè tẹ fóònù. Okùn yọ̀ bọ́. Ẹyẹ kan fò kọjá, Sófì gbá tẹ̀ lé e. Yìnyín etí òkè náà já láìpariwo, ajá náà sì bá a lọ.

Hẹ́lẹ́ẹ̀nì figbe ta. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú yìnyín, wọ́n ń pe Sófì, Sófì. Èmi kò lè dúró kí n máa wo àgbàlagbà tó ń sunkún. Mo sáré lọ bá wọn, ẹni tó bá ti wọ asẹ́ sẹ́sẹ̀ rí á mọ irú eré tí mo sá. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo gbá wọn mọ́ra. 'Sọ́rì,' mo ní. 'Sọ́rì, mà. Sọ́rì o. Áà, sọ́rì.'

Hẹ́lẹ́ẹ̀nì gbé ojú sókè wò mí. Ẹkún náà dá dúró.

'Kí lo ṣe?' wọ́n ní.

Ní Agbowó, bí òjò bá rọ̀, tí ẹnìkan bá yọ̀ ṣubú níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù wa, pẹ̀lẹ́ tó máa gbọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tẹ ìwé á kí i. Ẹni tó ń gẹrun á kí i láti inú ilé. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà kọjá, tí kò mọ̀ ọ́n rí, á yíjú padà kí i. Ẹni tó fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín pàápàá á kọ́kọ́ kí i ná. Bí abọ́ bá fọ́ lẹ́yìn ògiri, a ó kí ẹni tí a kò rí. Kò sí ẹni tó ń bèèrè pé ta ló fà á. Bí o bá dákẹ́ ni wọ́n á máa wò ọ́ bóyá ìwọ lo tì í. Nígbà tí a wá ń kọ́ gẹ̀ẹ́sì, 'sọ́rì' ni wọ́n fún wa dípò pẹ̀lẹ́, a gbà á, a ń ná an lọ. Tíṣà ni ìyá mi, ṣùgbọ́n àwọn náà kò sọ fún mi pé lójú àwọn tó ni èdè, ọ̀rọ̀ yẹn lè di ìjẹ́wọ́.

'N kò ṣe nǹkan kan, mà.'

'Kí ló dé tí o fi ń bẹ̀bẹ̀?'

'N kò bẹ̀bẹ̀. Mo ń kí yín ni.'

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa dún létí òyìnbó. Ajá obìnrin náà wà ní ìsàlẹ̀ kòtò, èmi ní mo ń kí i.

Wọ́n yíjú sí Bráyánì, wọ́n ní ta ló di okùn mú. Bráyánì wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. 'Òun ló wà nítòsí Sófì,' ó ní, ó sì tọ́ka sí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, ohun tó sì burú jù níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹnu mi ti là láti sọ ohun tí mo rí. Ṣùgbọ́n wọn kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. A kì í pín ẹ̀bi lójú ẹkún. A ó kọ́kọ́ rẹ ẹni tí nǹkan ṣe lẹ́kún, ẹjọ́ di ẹ̀yìn ìyẹn. Mo pa ẹnu mi dé. Wọ́n mú ìdákẹ́ mi mọ́ sọ́rì mi, wọ́n sì fi méjèèjì dá mi lẹ́bi lórí òkè níbẹ̀. Láti ibí yìí lọ, 'ó' ni n ó máa pe Hẹ́lẹ́ẹ̀nì. 'Wọ́n' kò tún gba ẹnu mi jáde fún un mọ́.

A wá ọ̀nà yípo dé ibi tí Sófì wà. Kò tíì kú. Ojú rẹ̀ là, ó ń mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbéra mọ́. Bráyánì ní òun kì í lè fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Hẹ́lẹ́ẹ̀nì gbìyànjú láti gbé e, ó ṣubú. Mo bá tú ṣọ́ọ̀lù ọrùn mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní kó gbé e lé mi lẹ́yìn. Mo so ṣọ́ọ̀lù náà ní àyà, mo tún un so dáadáa. Mo pọn ajá.

Èmi tí n kò tíì bímọ, ohun tí mo kọ́kọ́ pọ̀n nínú ayé mi nìyẹn. Ọwọ́ mi ti wà lẹ́yìn kí n tó mọ̀, mo ń gbá a nídìí díẹ̀díẹ̀, torí ọwọ́ kò mọ ohun mìíràn tí à ń ṣe fún ẹni tí a bá pọ̀n. Ó ń mí sí mi lọ́rùn. Bí a ṣe dé àárín igi, èémí náà kò wá mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ní í túfọ̀ fún èèyàn lójú ọ̀nà, nínú òtútù, láìtíì fìdí mọ́lẹ̀? Mo ń gbá a nídìí lọ, kí obìnrin náà lè fi ìrètí rìn délé.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, tí mo tú ṣọ́ọ̀lù, ó fọwọ́ kan ajá náà. Ara rẹ̀ ti tutù.

'Ìgbà wo ló kú?' ó bi mí.

'Ó ti ṣe díẹ̀, láàárín igi.'

'O mọ̀, o sì dákẹ́?'

Mo ti fọhùn níbi tó yẹ kí n dákẹ́, mo ti dákẹ́ níbi tó yẹ kí n fọhùn, ilé wa ni mo sì ti kọ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìwà ọmọlúàbí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a, mo ro gbogbo bí okùn ṣe bọ́ fún un. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó ní, 'Bráyánì kọ́ ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lánàá.' Ó ní òun kò lè máa rí ojú mi nínú ilé òun, kí n wọ bọ́ọ̀sì tó máa kọjá lọ́sàn-án. Kò pariwo. Ó tilẹ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun.

Bráyánì ló gbé àpótí mi dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ ta yìnyín. 'Sọ́rì,' ó ní. Mo wò ó dáadáa. Òun mọ ohun tó ń sọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó, mo sì gbàdúrà kan fún un tí n kò ní kọ síbí.

Ìyá mi kò gbà á gbọ́.

'Ajá?'

'Ajá ni, Màámi.'

'Wọ́n lé ọ sínú òtútù nítorí ajá? O ò bẹ̀ wọ́n ni?'

'Mo kí obìnrin náà pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ gan-an ló kó bá mi.'

'Pẹ̀lẹ́ kì í kó bá èèyàn. Á ní bí o ṣe sọ ọ́.'

Délé bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe àìsùn òkú fún ajá náà. Èmi ẹ̀wẹ̀, òmùgọ̀, mo sọ fún un pé mo pọ̀n ọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ó ti dé ọ̀dọ̀ onígẹrun. Ìyá Sófì ni wọ́n ń pè mí ní Agbowó títí di òní. Àwọn tí wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì gbé mi lọ, n kò sì sọ fún wọn. Mo wá rí i pé èèyàn lè wà láàárín ìlú méjì, kí méjèèjì máa fi í rẹ́rìn-ín.

Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní ìlú kan nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé bí ẹnìkan bá ṣubú, a kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó máa jọ pé ẹ̀bi wa ni. Ká tẹ aago, ká bèèrè ibi tó ń dùn ún, ká bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ṣe ni ó dà bíi pé èmi ni wọ́n ṣòfin náà fún.

Bàbá kan ṣubú níwájú mi lẹ́nu ilé ìwẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sáré dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo tẹ aago. 'Ibo ló ń dùn yín? Ṣé ẹ lè gbé apá?' Bàbá náà ń wò mí láti ilẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó ṣáà ń wò mí. Ọ̀gá mi yìn mí níwájú gbogbo èèyàn pé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Mo ní yàrá tèmi báyìí, ó ní fèrèsé, kò sì sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi mú mi mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe ìyá mi. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

'Mo ṣubú o,' wọ́n ní. 'Lórí àtẹ̀gùn. Òjò ti jẹ́ kó máa yọ̀.'

'Ibo ló ń dùn yín?'

'Orúnkún ni.'

'Ṣé ẹ lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀? Ṣé ẹ fi orí gbá nǹkan? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣubú?'

Wọn kò dáhùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. 'Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?'

'Mo ń gbọ́ ọ. Mo ń dúró ni.'

'Kí lẹ ń dúró dè?'

Ìbéèrè náà ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí. Wọ́n mí kanlẹ̀.

'Ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀, tí a kì í bára wa sọ̀rọ̀, sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú, ó kí mi. Àwọn ọmọ yunifásítì tí mi ò mọ̀ rí kí mi láti ojú títì,' wọ́n ní. 'O ti pẹ́ níbẹ̀ o, ọmọ mi.'

Wọ́n sì gbé fóònù fún Délé.